Ọjọ́ Tí Mo Lọ Wádìí Ìdílé Ibà

Ẹni tí kò bá gbé Ìjẹ̀bú rí lè máa rò pé iṣẹ́ ọlọ́pàá ni ìwádìí. Irọ́ ni. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, bí àlejò bá wọlé, tó jókòó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ta ni bàbá ìyá yín, ìlú wo ni wọ́n ti wá, irú àìsàn wo ló máa ń ṣe wọ́n nínú ẹbí, ohun kan ṣoṣo ló dé: ẹnì kan ti rí ọmọ yín, ó sì fẹ́ fẹ́ ẹ. Ẹ bu omi fún àlejò, kí ẹ sì ṣọ́ ẹnu yín.

Wọ́n ṣe é fún èmi náà. Lọ́dún tí ọkọ mi fẹ́ fẹ́ mi, àǹtí rẹ̀ kan wá sílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó ní òun ń wá gààrí rà. Ìyá mi kò ta gààrí rí láyé rẹ̀, tíṣà ni. Obìnrin náà jókòó fún wákàtí mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ gààrí tí kò sí nílé. Kó tó dìde, ó ti mọ iye ọdún tí bàbá bàbá mi lò láyé, ó ti mọ̀ pé kò sí wèrè nínú ẹbí wa, ó sì ti gbọ́ lẹ́nu ìyá mi pé lóòótọ́ lẹnu mi mú díẹ̀. Díẹ̀ kẹ̀! Ìyá mi náà mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa.

Nítorí náà, ó yẹ kí n mọ̀. Ó yẹ kí n mọ ohun tí mo ń fà lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tí mo wọ agboolé bàbá kan ní abúlé kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, tí mo la ẹnu tó mú yìí, tí mo ní, "Ẹ kú ilé o. A wá wádìí ìdílé rẹ̀ ni."

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ mi ná. Ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn kòkòrò àrùn tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, tí ojú lásán kò lè rí, a máa ń ka ohun tó wà nínú wọn bí ẹni ń ka ìwé. Ibà pọ́njú lọ̀gá wọn, èyí tó máa ń sọ funfun ojú èèyàn di àwọ̀ ìyeyè. Ìyá mi bi mí títí pé báwo lèèyàn ṣe ń ka àrùn. Mo ní, màámi, nígbà tí ẹ ń ṣe tíṣà, bí ọmọ méjì bá kọ ìdáhùn kan náà tó tọ̀nà, ẹ ò lè mú ẹnikẹ́ni. Àmọ́ bí ọmọ méjì bá kọ àṣìṣe kan náà síbì kan náà, ẹ mọ̀ pé ọ̀kan wo iṣẹ́ èkejì. Bí àrùn yẹn náà ṣe rí nìyẹn. Bó bá wọ ara èèyàn, yóò máa da ara rẹ̀ kọ, yóò máa tún un kọ, lọ́jọ́ kan yóò ṣe àṣìṣe kékeré kan, gbogbo èyí tó bá sì wo iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò gbé àṣìṣe náà lọ. Àwa kàn ń to àṣìṣe mọ́ àṣìṣe ni, títí a ó fi mọ ẹni tó wo iṣẹ́ ẹni, àti ibi tí àrùn náà ti gbéra.

Ìyá mi ronú sí i. Ó ní, "Èyí tó wo iṣẹ́ ńkọ́, ẹ kì í nà án?"

Nígbà tí ìròyìn ibà bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti àwọn abúlé, wọ́n rán èmi àti awakọ̀ wa jáde. Ọ̀gá wa kìlọ̀ fún wa gidigidi pé a kò gbọdọ̀ dárúkọ àrùn lẹ́nu ọ̀nà, torí pé bí èèyàn bá ti gbọ́ àrùn, ilẹ̀kùn ni yóò tì. Ó dáa, mi ò dárúkọ ẹ̀. "Ó" ni mo ń pè é. Ṣùgbọ́n èdè wa yìí, èdè aláàánú, kì í ya ẹnì kan sọ́tọ̀: ọkùnrin ni "ó", obìnrin ni "ó", ewúrẹ́ ni "ó", ibà náà ni "ó".

Bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó jókòó sábẹ́ igi ọsàn, ó ń ti èèkù bọ ọkọ́. Bó ṣe gbọ́ "ìdílé rẹ̀", ó fi ọkọ́ sílẹ̀, ó wọlé, ó sì jáde pẹ̀lú fìlà lórí. Ó wo àpótí yìnyín tí a fi ń gbé ẹ̀jẹ̀, èyí tó wà lọ́wọ́ awakọ̀ mi, ó wò ó tìfẹ́tìfẹ́ bí ẹni pé ẹrù àna ló wà nínú rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin èèyàn wa," ni bàbá wí. "A ti ń retí yín." Ó kígbe sí ẹ̀yìnkùlé pé kí wọ́n gbé ìkọ́kọrẹ́ kaná fún àlejò. Ojú awakọ̀ mi là.

Mo ní, "Bàbá, a fẹ́ mọ ibi tó ti wá ni, àti àwọn tó bá tan."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wádìí kì í kábàámọ̀. Nínú ìdílé tiwa, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sí wárápá, kò sí wèrè, kò sí ẹ̀tẹ̀. Gbogbo eyín bàbá mi ló bá a wọ sàréè."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo kọ ọ́ sílẹ̀! Mo rò pé ìlera agboolé ni bàbá ń ròyìn, mo sì ń wá ibi tí eyín bàbá rẹ̀ máa wọ̀ nínú fọ́ọ̀mù.

"Ìgbà wo ló dé síbí, bàbá?"

"Ọjọ́ Àìkú tó kọjá yìí. Láti Ìjagun ló ti dé."

Inú mi dùn. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni kò sọ ọjọ́ tí ibà wọlé fún mi gúnmọ́ báyìí rí. Mo ní, "Ọ̀sán ló máa ń jáde ni, àbí alẹ́?"

"Ọ̀sán nìkan! Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ó ti wà nílé. Ilé mi kì í ṣe ilé ìrìnkurìn."

Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà pọ́njú, ọ̀sán gangan ló ń jẹun. Mo yíjú sí awakọ̀ mi, mo ní, ṣé ẹ rí bàbá tó mọ nǹkan? Mo tún béèrè bóyá ó fẹ́ràn omi tó mọ́, torí ẹ̀fọn yẹn kì í yé sínú omi ìdọ̀tí.

"Omi tó mọ́ ni," bàbá dáhùn. "Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń wẹ̀ lójúmọ́."

Mo dá bírò dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀fọn tó ń wẹ̀? Mo ní bóyá Ìjẹ̀bú inú oko ni kò yé mi tó, èmi ará ìgboro. Awakọ̀ mi wúkọ́. Ó yẹ kí n gbọ́ ikọ́ náà. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, etí mi a máa di.

Mo ní, "Bàbá, ẹni mélòó ló ti mú báyìí?"

"Ẹni mélòó ló ti kí ni?"

"Tó ti mú. Nínú agboolé yìí àti níta. Ẹ má fi pamọ́ fún wa, bàbá. A ti gbọ́ pé ní Ìjagun ọ̀hún, ẹni mẹ́fà ló mú láàárín ọ̀sẹ̀ kan."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Bàbá dìde. Ó ti ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo ti dé, ẹ̀yin àna, ẹ̀yin èèyàn wa. Gbogbo "ẹ" yẹn kú lẹ́ẹ̀kan náà. "Ìwọ! Ìwọ obìnrin yìí! Ọmọ mi? Ọkùnrin mẹ́fà? Lọ́sẹ̀ kan?" Ó na ọwọ́ sí ọkọ́. Ọ̀rọ̀ di bó-ò-lọ-o-yà-fún-mi. Kí n tó ṣẹ́jú, awakọ̀ mi ti dé ìdí ọkọ̀, ó ti gbàgbé ìkọ́kọrẹ́, ó ti gbàgbé èmi náà.

Ọmọ náà ló gbà mí. Ó jáde láti inú yàrá, ó ró ìró títí dé àyà, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ìjagun, láti ojú fèrèsé ló sì ti ń gbọ́ gbogbo ìsọkúsọ wa. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Ibà ni wọ́n ń wí. Ẹ̀fọn ni wọ́n ń wí." Mo wo ojú rẹ̀. Funfun ojú náà ti ń pọ́n lọ sí àwọ̀ ìyeyè.

Bàbá jókòó sílẹ̀, gbì. Ìgbà náà ló tó sọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Odògbolú fẹ́ fẹ́ ọmọ náà, àwọn ẹbí ọkùnrin sì ti ní àwọn ń bọ̀ wá wádìí láìpẹ́. Ó rò pé àwa ni wọ́n. Àfi bí ibà ṣe dé bá ọmọ lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n fi í pamọ́ sínú yàrá, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ojú rẹ̀.

"Bí wọ́n bá gbọ́ pé àrùn kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi, tó tún ní ìdílé," bàbá wí, "ó parí nìyẹn."

Ọmọ náà na apá sí mi kí n gba ẹ̀jẹ̀. Bí mo ṣe ń wá iṣan, ó rọra ní, "Àǹtí, mo fẹ́ràn ọmọkùnrin yẹn gan-an o. Ẹ má jẹ́ kó bàjẹ́." Mo ṣèlérí fún un. Mo ní a kì í kọ orúkọ sára ẹ̀jẹ̀, nọ́ńbà la ń kọ, ìwé tí orúkọ wà nínú rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ọ̀gá wa, nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ lẹ́nu mi.

Lẹ́nu mi, lóòótọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ṣùgbọ́n ara ọmọ náà kò gba kó dúró sílé, ilé ìwòsàn ló yẹ ẹ́, ọkọ̀ wa la sì fi gbé e. Ọkọ̀ wa ọ̀hún, wọ́n kọ ÌWÁDÌÍ ÀRÙN sí i lára gàdàgbàgadagba, lápá ọ̀tún, lápá òsì, àti lẹ́yìn pẹ̀lú, fún ẹni tó bá pẹ́ dé. Gbogbo abúlé dúró wò ó. Ìròyìn náà sì ti dé Odògbolú kí a tó dé Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n ní àrùn kan wà nínú ìdílé wọn, pé ó le débi pé ìjọba fúnra rẹ̀ wá wádìí.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ìyá ọkùnrin náà ránṣẹ́ sí bàbá. Ó ní kí wọ́n ṣì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ná. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ ohun tí "ná" yẹn túmọ̀ sí.

Bàbá ti gba nọ́ńbà fóònù mi. Láràárọ̀ ló ń pè. Kì í kí mi. "Ṣé ìwọ nìyẹn?" lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ máa bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ti kúrò nílé ìwòsàn, ara ń yá, ṣùgbọ́n kò jẹun. Ọmọ ń wo fóònù. Ọkùnrin náà ní òun kò kọ̀ ọ́, àmọ́ ìyá òun kan ṣoṣo nìyí, òun ò lè tẹ̀ ẹ́ lójú mọ́lẹ̀. Bàbá ní òun fẹ́ ìwé láti ilé àyẹ̀wò, kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn. Mo ní, bàbá, bí mo bá kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, mo ti kéde ọmọ yín nìyẹn. Mo ní àrùn yẹn ní ìdílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdílé tirẹ̀ ló ní, kì í ṣe tiyín. Ó kàn wọ̀ sílé yín bí àlejò ni.

"Bíi tìẹ," bàbá dáhùn.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Èmi náà mọ̀ pé èmi ni mo kó bá wọn. Ǹ bá ti lọ ṣe iṣẹ́ yẹn jẹ́ẹ́, kí n gbé ọkọ̀ sí ẹ̀yìn ìlú, kí n fẹsẹ̀ rìn wọlé. Inú bí mi sí ara mi, inú bí mi sí obìnrin Odògbolú tí mi ò mọ̀ rí yìí. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo wọ bàtà láti lọ bá a nílé rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì lọkọ mi bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ mi.

Èsì wá dé. Kọ̀ǹpútà to gbogbo wọn jọ, èmi náà fojú mi tẹ̀ lé e. Àwọn mẹ́fà Ìjagun tí mo fi da ilé bàbá rú, ibà lásán ló ṣe wọ́n, ibà tí gbogbo wa mọ̀. Kò sí ohun tó jọ ti ọmọ náà ní gbogbo apá Ìmùṣin. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló bá tan. Gbogbo àṣìṣe tó wà nínú nọ́ńbà yẹn ló wà nínú tirẹ̀, ó kàn fi ẹyọ kan lé e ni. Ibà nọ́ńbà yẹn sì fi bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú tirẹ̀. Láti ibo ni ẹ̀jẹ̀ náà ti wá? Láti ilé ìtọ́jú aláboyún àti aláìsàn kan ní Odògbolú!

Mo fò sókè. Mo tún jókòó. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Nọ́ńbà ni mo rí, mi ò mọ olówó rẹ̀. Bí mo bá sì mọ̀ ọ́n, ìlérí tí mo ṣe fún ọmọ náà ni a ṣe fún òun náà. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lè wú nínú èèyàn bí ẹ̀wà.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, obìnrin kan wọlé wá, ó ti tó ọgọ́ta ọdún dáadáa, ó mú káàdì àyẹ̀wò dání. Ó ní láti Odògbolú lòun ti wá, òun wá gba èsì ẹ̀jẹ̀ òun. Mo na ọwọ́ sí káàdì. Kò jù ú sílẹ̀.

"Ẹ má kánjú, dókítà. Ẹ jókòó ná." Èmi kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n mi ò jiyàn. Ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ kan wà lápá Ìmùṣin. Ọmọ mi ló fẹ́ fẹ́ ẹ. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ lọ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbà mí o, ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Ṣé nínú ìdílé wọn ló wà?"

Háà! Òun nìyí. Ó jókòó síwájú mi, ó sì fi èsì bojú wá ṣèwádìí. Gbogbo èébú tí mo ti kó jọ láti ọ̀sẹ̀ yìí wá rọ́ wá sẹ́nu mi. Mo gbé wọn mì. Mo ní, "Màmá, mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn fún yín. Tiyín nìkan ni mo lè sọ."

"Ti èmi kọ́ ni mo bá wá. Ibà lásán ló ṣe èmi."

"Ẹ ti mú káàdì wá, ẹ jẹ́ kí n kúkú bá yín wò ó."

Ọ̀gá wa ṣí àpótí, ó ṣí ìwé, ó fi ìka tọ orúkọ dé ìdí nọ́ńbà. Mo wo nọ́ńbà náà. Mo tún un wò. Nọ́ńbà tó bá ti ọmọ náà tan gan-an ni. Mo padà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Màmá, ibà tó ṣe yín, ibà pọ́njú ni."

"Ẹ̀rù Ọlọ́run! Ojú mi ò pọ́n o."

Mo ní kì í pọ́n gbogbo èèyàn lójú. Mo fa fọ́ọ̀mù jáde. Lóòótọ́ ni fọ́ọ̀mù ní kí n béèrè, kì í ṣe arékérekè. Mo béèrè bóyá omi máa ń dúró láyìíká ilé rẹ̀. Ó ní àwọn ògbólógbòó táyà ọkọ òun tó ti dolóògbé wà lẹ́yìnkùlé, òjò máa ń rọ̀ sí wọn. Ṣé tanwíjí wà nínú omi náà? Ó ní ó pọ̀ níbẹ̀.

"Ta ló wà nílé pẹ̀lú yín nígbà ibà náà? Ta ló tọ́jú yín?"

"Ọmọ mi wà níbi iṣẹ́ l'Ékòó, kò ráyè. Ọmọ yẹn ni..." Ó wo fọ́ọ̀mù, ó wò mí. "Ọmọ yẹn ló tọ́jú mi."

Mi ò sọ nǹkan kan. Ọlọ́run nìkan ló mọ bí mo ṣe ṣe é. Òun ló ń sọ̀rọ̀, ó sì ń ka ọjọ́ lórí ìka. Láti Ìjagun lọmọ náà ti ń wá, bó bá ti kúrò ní kíláàsì. Nígbà tó rí i pé ara ìyá kò gbé e, ó kó aṣọ rẹ̀ wá láìsọ fún bàbá rẹ̀, ó sì bá a gbé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òun ló ń pọnmi, òun ló ń po ògì fún ìyá, òun ló ń fọ aṣọ tó bì sí, òun ló ń fi èjìká gbé e dé ilé ìyàgbẹ́. Ọjọ́ Àìkú tó fẹ́ lọ kí bàbá rẹ̀ kó tó padà sílé-ẹ̀kọ́, ó ní orí ń fọ́ òun díẹ̀.

"Mo ní àárẹ̀ ni," ìyá náà wí. "Mo ní kó lọ sùn." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Dókítà, ẹ̀fọn tó jẹ èmi, ṣé ó lè kó o ran ẹlòmíràn?"

"Lójú ẹsẹ̀ kọ́, mà. Ṣùgbọ́n bó bá ti tó bí ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀ sí méjì, ó lè kó o ran ẹni tó bá tún jẹ nínú ilé yẹn."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì borí. "Èmi ni mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ ná. Èmi! Ojú tì mí o. Ojú tì mí." Ó sunkún láìbojú, mo sì bá a sunkún, torí pé ìbínú tó ti wà nínú mi láti ọjọ́ yìí kò rí ibòmíràn gbà jáde.

Lẹ́yìn náà ló na fóònù rẹ̀ sí mi. Ó ní kí n bá òun wá nọ́ńbà ọmọ náà. Mo pè é, mo gbé e sáàárín wa lórí tábìlì.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ọmọ náà wí. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bíi ti ẹni tó ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ fún un.

Ìyá náà sún mọ́ fóònù. "Ìyàwó mi," ló wí. "Ṣé ara rẹ ti yá?"

A ń gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń mí.

"Ó ti ń yá, mà. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti ń lè jẹ ẹ̀bà báyìí, àbí ògì yẹn náà lẹ ṣì ń mu?"